Ìrìn Inú Igbó Nígbà Ọyẹ́: Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Mọ̀ Kí A Tó Gbéra

  Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti gbọ́ ìròyìn ìrìn tí ẹgbẹ́ wa rìn lọ sí igbó Amurum ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2025. Àwọn kan gbọ́ ọ bí ó ti rí, àwọn kan fi iyọ̀ sí i, a sì gbọ́ pé ẹnìkan ń sọ káàkiri ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ pé iwin ni ó bá ọ̀kan nínú wa jà létí odò. Kò sí iwin kankan níbẹ̀. Òtútù ni, àti àìmọ̀kan wa. Ìdí nìyí tí a fi jókòó kọ èyí, kí ẹni tí yóò bá wa lọ nígbà mìíràn lè mọ irú òtútù tí ó wà lórí òkè yìí, bí igbó náà ti rí, àti ohun tí ó yẹ kí ó wà lára ẹni àti nínú báàgì ẹni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti òtútù. Àwa tí a bí sí Jos, tàbí tí àwọn òbí wa kó wa dé ibí láti kékeré, a kì í ka ọyẹ́ sí nǹkan bàbàrà. Àwọn bàbá ńlá wa tí wọ́n ti Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀ffà wá ṣòwò nígbà tí iṣẹ́ tánganran ń gbóná ti bá a ṣeré títí ó fi di ọ̀rẹ́ ilé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí wọ́n ti Ìbàdàn, Àkúrẹ́ tàbí Èkó wá ni ọ̀rọ̀ náà máa ń yà lẹ́nu. Wọ́n á ní ṣebí Nàìjíríà kan náà ni. Nàìjíríà kan náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa kò ga bákan náà. Ìbàdàn fi bíi mítà 200 ga ju òkun lọ. Jos fi ohun tí ó lé ní mítà 1,200 ga jù ú lọ. Bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ sí i tí ó sì ń tutù sí i, ó sì máa ń tó dígírì 6 tàbí 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan. Èyí nìkan ti tó láti sọ ẹni tí ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì jókòó síta ní Ìbàdàn di ẹni tí ń ná súwẹ́tà òkìrìkà ní Terminus.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọyẹ́ fúnra rẹ̀, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní hunturu. Atẹ́gùn ni, ó ń fẹ́ wá láti aginjù Sàhárà, ó sì ń gbé eruku lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú eruku náà ń wá láti ibì kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún omi ńlá kan ti gbẹ láti ayébáyé. Atẹ́gùn yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ní omi nínú. Ẹ rántí pé omi tí ó wà nínú afẹ́fẹ́, tí ojú kò rí, ni ó máa ń ṣe bí aṣọ ìbora fún ilẹ̀ lóru. Ní Èkó, aṣọ ìbora náà nípọn, ìdí nìyí tí oorun kì í fi í dùn níbẹ̀ bí iná bá lọ. Níhìn-ín, nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ sùn ní ìhòòhò. Gbogbo ooru tí oòrùn fi sílẹ̀ lọ́sàn-án ni yóò bá òfurufú lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, bẹ́ẹ̀ ni òtútù ìdájí lè lọ sílẹ̀ dé bíi dígírì 10. Tí ó bá fi máa di agogo méjì ọ̀sán, oòrùn á ti máa ta ènìyàn lórí, ẹni tí kò mọ̀ á sì bọ́ súwẹ́tà jù sílé.

Gbígbẹ yìí gan-an ni ó léwu ju òtútù lọ, nítorí pé kì í jẹ́ kí a mọ̀ pé omi ń kúrò lára wa. Bí ènìyàn bá làágùn ní Ìbàdàn, yóò rí òógùn náà lára aṣọ rẹ̀. Níhìn-ín, òógùn gbẹ kí ó tó jáde tán. Bí a bá sì ń mí, omi ń bá èémí lọ. Òtútù kì í jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ wá dáadáa, nítorí náà ni ènìyàn fi lè rìn fún wákàtí mẹ́ta kí ó má fi ẹnu kan omi, kí ó sì rò pé ara òun le ni. Ètè tí ń bẹ́ àti ìtọ̀ tí ó pọ́n bí epo ni yóò sọ òótọ́ fún un.

Igbó Amurum wà lẹ́bàá abúlé Laminga, bíi kìlómítà 15 sí ìlú Jos. Inú rẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ nípa ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní APLORI wà, tí ó sì ní àjọṣe pẹ̀lú Yunifásítì Jos. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé igbó irú ti Òǹdó ni, tí oòrùn kò lè wọ̀. Nǹkan mẹ́ta ni ó dàpọ̀ níbẹ̀. Èkíní ni ọ̀dàn, tí koríko rẹ̀ ga tó orúnkún tí igi sì dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkejì ni àpáta gàgàrà tí ó yọrí sókè bí ẹni pé òmìrán ni ó kó o jọ. Ẹ̀kẹta ni igbó tòótọ́, èyí tí ó dì mọ́ ẹ̀bá odò nínú kòtò, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀já. Ibi ẹ̀kẹta yìí ni ẹwà wà, ibẹ̀ náà sì ni òtútù fi ṣe ibùgbé. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju èyí tí ó gbóná lọ, nítorí náà a máa ṣàn lóru láti orí àpáta wá sísàlẹ̀ bí omi, á sì kún inú kòtò náà. Oòrùn a máa pẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ti ń yá gágá lórí àpáta lágogo mẹ́jọ, bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ sínú igbó odò, yóò rò pé ẹnìkan ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì.

Kò pọ̀ mọ́, irú igbó bẹ́ẹ̀, lórí òkè yìí. Iṣẹ́ tánganran hú ilẹ̀ púpọ̀, oko dídá gba òmíràn, igi ìdáná sì jẹ ìyókù. Igi yukalíptọ́ọ̀sì tí ẹ ń rí lọ súà lójú ọ̀nà, òyìnbó ni ó kó o wá, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀. Nínú ààbò Amurum ni ènìyàn ti lè rí bí ilẹ̀ Jos ti máa ń rí tẹ́lẹ̀. Irú ẹyẹ tí wọ́n ti rí níbẹ̀ lé ní 200, èyí tí ó sì mú kí a fẹ́ lọ ni méjì nínú wọn.

Ọ̀kan kéré bí ọlọ́ńgo, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, inú pálapàla àpáta ni ó fẹ́ràn. Rock Firefinch ni òyìnbó ń pè é. Orúkọ Látìn rẹ̀ sì túmọ̀ sí ẹlẹ́yìn-ẹ̀jẹ̀. Ọdún 1998 ni ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Robert Payne, tó kọ ọ́ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà ẹyẹ ọ̀tọ̀. Ẹ wo bí ó ti pẹ́ tó! Ohun tí ó sì tọ́ka sí i ni ẹyẹ kejì, Jos Plateau Indigobird, tí akọ rẹ̀ dúdú tí ó ń dán. Ẹyẹ dúdú yìí kì í kọ́ ìtẹ́. Inú ìtẹ́ ẹlẹ́yìn-ẹ̀jẹ̀ ni ó ń yé ẹyin sí, tí ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ẹlẹ́yìn-ẹ̀jẹ̀ á sàba lé gbogbo rẹ̀, á pa á, á sì máa bọ́ ọmọ ọlọ́mọ pẹ̀lú tirẹ̀. Ọmọ àlejò náà kì í sì í pa ọmọ onílé bí àwọn àlejò ẹyẹ mìíràn ti ń ṣe. Bí ó bá dàgbà, orin tí ó gbọ́ nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ ni yóò máa kọ, abo ẹ̀yà tirẹ̀ yóò sì gbọ́ orin náà yóò mọ̀ pé ara òun ni. Payne gbọ́ orin lẹ́nu ẹyẹ dúdú, ó sì wá ẹni tí ó ni orin náà lọ.

Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé èyí fún wa, rẹ́rín-ín ni àwọn ọmọ Ìbàdàn rẹ́rín-ín, wọ́n ní ìtàn àwa ọmọ Jos ni wọ́n ń sọ, àwa tí a ń fi ohùn Hausa pe Yorùbá. A kò bá wọn jiyàn. Orúkọ wa ni ọmọ Ìbàdàn kò lè sọ pé kì í ṣe Yorùbá.

Àwọn ẹyẹ yìí kan náà ni wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń múra fún òtútù, bí a bá ní ojú láti wò ó. Ẹ wo ẹyẹ ní ìdájí ọyẹ́: yóò wú ìyẹ́ rẹ̀ títí yóò fi rí róbótó bí ọsàn. Kì í ṣe ìyẹ́ ni ó ń mú un móoru bí kò ṣe afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín ìyẹ́ náà, tí kò rí ọ̀nà lọ. Ìdí nìyí tí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí a wọ̀ lé ara wọn fi sàn ju kóòtù ńlá kan lọ. Èyí tí ó kan ara kò gbọdọ̀ tutù fún òógùn. Bí ó bá tutù, kí a pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí a bá dúró sinmi, nítorí aṣọ tútù ń fa ooru kúrò lára ju aṣọ gbígbẹ lọ. Èyí tí ó wà lókè pátápátá ni kí ó lè dí atẹ́gùn. Fìlà, ìbọ̀sẹ̀ méjì, ìbọ̀wọ́. Àwọn ọkùnrin wa kan kọ̀ láti dé fìlà onírun, wọ́n ní ó ń ba irun àwọn jẹ́. Ẹ má bi wá bí etí wọn ti rí nígbà tí a fi máa délé.

Wàyí o, ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwa 19 ni a gbéra, agogo mẹ́fà kọjá díẹ̀ ni a ti wà nínú igbó, nítorí wọ́n sọ fún wa pé ìdájí ni ẹyẹ ń pọ̀. A yára rìn kí ara wa lè gbóná. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn gùn wà níwájú, wọ́n ń kọrin, ẹni tí ó bá rẹ̀ á máa tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Omi tí a mú dání kò tó nǹkan. Àbúrò wa kan tí ó wà ní ọdún kejì, tí ó ti Ìbàdàn wá, wọ jákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lé ṣẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ sínú igbó odò, ó ń rìn lẹ́yìn gbogbo wa. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yíjú padà, ó rí i pé ó ti jókòó sórí òkúta, ó gbá orúnkún mọ́ra.

“Kí ló dé?”

“Ẹ máa lọ, ẹ̀gbọ́n. Mò ń bọ̀.”

“Ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni?”

“Ẹsẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Àti ẹ̀yìn. Ó máa lọ.”

Kò lọ. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti ń sunkún láìpariwo, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ìgbà yẹn ni ó tó fà wá mọ́ra tí ó sọ pé, “SS ni mí. Ẹ má bínú.” Ìdùnnú kúrò lójú gbogbo wa. Ó fún wa láyè láti kọ èyí, ó kàn ní kí a má dárúkọ òun.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀ ní wákàtí náà, nítorí ọ̀pọ̀ wa ni ó mọ lẹ́tà SS tí kò mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ń gbé ọ́síjìn kiri, rí róbótó bí àkàrà tí a fi àtàǹpàkò tẹ̀ láàárín. Ó rọ̀, ó lè ká ara rẹ̀ kò láti kọjá nínú iṣan tín-ín-rín. Nínú ẹni SS, nígbà tí ọ́síjìn bá ti kúrò lára sẹ́ẹ̀lì náà, èròjà pupa inú rẹ̀ a máa so pọ̀ gùn bí okùn, á sì le, sẹ́ẹ̀lì náà á tẹ̀ bí dòjé. Dòókítà James Herrick ní ìlú Chicago ni ó kọ́kọ́ kọ nípa sẹ́ẹ̀lì oníkọdọrọ yìí sínú ìwé ìṣègùn ní ọdún 1910, orúkọ dòjé ni òyìnbó sì ń pe àìsàn náà títí dòní. Àwọn tiwa ń pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde. Bí sẹ́ẹ̀lì bá pẹ́ jù kí ó tó padà dé inú ẹ̀dọ̀fóró láti gba ọ́síjìn mìíràn, yóò tẹ̀ lójú ọ̀nà, á há, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn á tò tì í. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì dé ibì kan nínú egungun, ibẹ̀ á figbe ta.

Ẹ wá wo ohun tí a ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òtútù mú kí àwọn iṣan abẹ́ awọ súnkì, ẹ̀jẹ̀ sì ń falẹ̀ nínú wọn. Ọyẹ́ gba omi ara, ẹ̀jẹ̀ ki. A ń yára rìn lórí òkè tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ara ń lo ọ́síjìn ní ìlọ́po. Bí ẹnìkan bá jókòó láti gbèrò bí òun yóò ṣe dá ẹni SS lóró, kò lè to o dáadáa ju bí a ti tò ó lọ.

Ìmọ̀ràn kò wọ́n. Ẹnìkan ní kí ó dìde rìn, pé yóò lọ bí ó bá rìn. Èyí kò dára, nítorí ọ́síjìn tí kò tó ni ó ń lò sí i. Ẹnìkan ní kí a wá burukutu fún un ní abúlé kí ara rẹ̀ lè gbóná. Èyí burú jù ú lọ. Ọtí a máa lé ẹ̀jẹ̀ wá sí awọ, ìdí nìyí tí ojú ọ̀mùtí fi ń gbóná, ṣùgbọ́n ooru inú ni ó ń ná sóde, ó sì tún ń lé omi jáde lára nípa ìtọ̀. Ẹlòmíràn mú róòbù jáde. Róòbù kò pa á lára, ṣùgbọ́n awọ ni ó ń tàn jẹ. Kò mú ẹ̀jẹ̀ móoru. Bàbá ará Laminga tí ó ṣe amọ̀nà wa ni ó mọ ohun tí a ó ṣe. Ó bọ́ bàbáríga rẹ̀, ó sọ ní Hausa pé kí a gbé ọmọ náà kúrò nínú kòtò lọ síbi tí oòrùn wà, kí a bò ó, kí a fún un ní omi gbígbóná. A kò rí ìwé kankan tí ó sọ ọ́ dáadáa jù bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́rin pọ̀n ọ́n ní ìpààrọ̀-ìpààrọ̀ gun orí àpáta. Ẹnìkan ní fúláàsì tíì. Gbogbo rẹ̀ ni ó mu. Ó ní oògùn ìrora tirẹ̀ nínú báàgì, ó ti ń bẹ̀rù láti mú un jáde lójú wa. Ó lò ó. Bọ́ọ̀sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan, ó lo òru méjì níbẹ̀ pẹ̀lú omi tí wọ́n fà sí i lára, ó sì gbádùn.

Ẹ gbọ́ èyí kí ó wọ̀ yín létí: bí ìrora bá dé sí àyà, bí èémí bá ń ká ẹni SS lára, bí ara rẹ̀ bá gbóná fún ibà, tàbí bí apá kan ara rẹ̀ bá rọ tí ọ̀rọ̀ sì lọ́ lẹ́nu rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dúró de tíì àti oòrùn. Ilé ìwòsàn ni, kíákíá.

Ohun tí ó dùn wá jù ni pé kò sọ fún wa. Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi í ní ilé ìwòsàn pé kí ló dé tí kò sọ, ó dá wa lóhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá sọ, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n wá?” Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn. Ní Nàìjíríà, bíi ẹnì 1 nínú 4 ni ó ní AS, ọmọ 2 tàbí 3 nínú 100 tí a bí sì ni SS. Nínú gbọ̀ngàn tí ènìyàn 200 wà, ó yẹ kí a mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n wà níbẹ̀. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ kò gbàgbé láti bi ọ̀rẹ́bìnrin àti ọ̀rẹ́kùnrin ní genotype wọn, ìyẹn sì dára, nítorí AS méjì tí wọ́n bá fẹ́ra ń fi ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú ewu ẹyọ kan nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n lórí ìgbéyàwó nìkan ni a mọ ìbéèrè náà sí. Ẹni tí ó ti wáyé ńkọ́, tí ó jókòó tì wá ní kíláàsì? Nígbà kan, àbíkú ni wọn ì bá pè é. Ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé àìsàn yìí ni ó pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí àwọn ìyá wa fi abẹ kọ lára. Ó hàn pé a kò fi wọ́n kọ lára mọ́, à ń fi wọ́n sílẹ̀ nílé.

Nítorí náà ni ẹgbẹ́ fi yí ètò padà. Akọ̀wé ìlera wa yóò bá ẹni kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ kí ọjọ́ ìrìn tó pé, ẹni tí ó bá sì ní nǹkan lára, bí i SS, bí i ikọ́ fée, yóò sọ ohun tí ó fẹ́ kí a ṣe bí ó bá dé. A kì í kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, a kì í sì í lé e padà. Agogo mẹ́sàn-án ni a ń gbéra, ẹyẹ tí ó bá ti fò lọ, kí ó máa lọ. Orí àpáta ni a ń kọ́kọ́ gbà, igbó odò di ọ̀sán. Ẹni tí ó bá lọ́ra jù lọ ni ń rìn níwájú, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn sì wà lẹ́yìn, bí ó tilẹ̀ ń bí wọn nínú. Ẹni kọ̀ọ̀kan ń mú lítà omi méjì dání, a sì ń dúró mu ún ní gbogbo ìlàjì wákàtí, bí òùngbẹ ń gbẹ wá tàbí kò gbẹ wá. Fúláàsì mẹ́rin ni ti ẹgbẹ́, pẹ̀lú kúbùsù méjì.

A tún lọ ní ìparí oṣù Èrèlé. Àbúrò wa náà lọ, pẹ̀lú súwẹ́tà méjì, jákẹ́ẹ̀tì, àti fìlà onírun tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Níwájú ni ó wà, nítorí náà òun ni ó kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè pé kí a dákẹ́. Ẹyẹ dúdú kan wà lórí igi gbígbẹ, ó ń kọrin. Bàbá Laminga tẹ́tí sí i díẹ̀, ó sì nàka sí ìsàlẹ̀, sáàárín àwọn òkúta, níbi tí nǹkan kékeré pupa kan ti ń ṣa èso koríko jẹ.